Bí Ìwé Kíkọ Ṣe Ń Mọ́ Ẹni Tí Ọwọ́ Rẹ̀ Dí Lára

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó ń gbé Mowe, tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, l'Ékòó. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ó ti wà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ ń kún lọ́wọ́, kọ̀ndọ́ ń pe èrò. Ó yọ fóònù, ó ṣí ibi tó kọ̀wé dé lánàá. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ kò parí: "Nígbà tí ìyá àgbà ṣí àpótí náà, ohun tó kọ́kọ́ rí ni…" Ó kọ ohun tí ìyá àgbà rí, ó fi gbólóhùn mẹ́ta tì í. Kọ̀ndọ́ ní, "Owó ọkọ̀ yín dà? Kò sí ṣéńjì o." Ó ti fóònù pa. Iṣẹ́ ìwé ti òní ti parí.

Ọwọ́ obìnrin yìí kò dilẹ̀ rí. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí iṣẹ́, ọmọ àti òde Sátidé máa fún un láyè, á dúró títí. Ọkọ̀ tó ń kún ló so ìwé rẹ̀ mọ́, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó bá ti mọ́ni lára máa ń ní nǹkan tó ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń jókòó pinnu ní àràárọ̀ pé òun máa fọ ẹnu. Bí a bá ti jí, ọwọ́ á ti nà sí búrọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí "màá máa kọ̀wé lójoojúmọ́" fi tètè ń já, tí "bí mo bá ti jókòó nínú ọkọ̀, màá ṣí fóònù" sì ń dúró.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, Peter Gollwitzer àti Veronika Brandstätter, dán èyí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1997. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ bí wọ́n ṣe lo ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ méjì. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ sọ àsìkò àti ibi tí wọ́n ti máa kọ ọ́, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló kọ ọ́ lásìkò. Nínú àwọn yòókù, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni.

Ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré débi pé ọjọ́ tó burú jù lè gbé e. Ọ̀rọ̀ 80 lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, á lé ní 20,000 kí ọdún tó yí po. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, ń ṣiṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tó ń kọ ìtàn sórí àjákù bébà, nígbà tí kò sí ìwé láti lọ fi jíṣẹ́. Ní 1952, wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù.

Gbólóhùn tí obìnrin yẹn dá dúró lágbedeméjì náà níṣẹ́ tó ń ṣe. Ibi tó nira jù nínú ìwé kíkọ ni ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì fi gbólóhùn sílẹ̀ láìparí ti bá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti ọ̀la.

Fún àwa tó ń kọ Yorùbá, àmì ohùn ló máa ń dá ọwọ́ dúró jù lórí fóònù. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: a ò lè fi àmì sílẹ̀, ọ̀wọ̀ èdè wa ni. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jẹ́ nínú ọkọ̀. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i ní àárọ̀, kí ẹ fi ọ̀sán Sátidé kan fi àmì sí gbogbo rẹ̀. Ẹ ó tún rí àwọn gbólóhùn tí kò tọ́ níbẹ̀.

Yóò pẹ́ kó tó mọ́ra. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé ènìyàn 96 fún ọ̀sẹ̀ 12, bí wọ́n ṣe ń fi jíjẹ, mímu tàbí eré ìdárayá kan kọ́ra. Ọjọ́ 66 ni ìwọ̀n àárín, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ láti 18 títí dé 254; ìṣirò ni wọ́n fi mọ èyí tó kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ kan téèyàn pa jẹ kò ba nǹkan jẹ́. Torí náà, bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí òkú bá kú, kò sí gbèsè kankan. Èsúsú lèèyàn ń san padà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ kan san ti ọjọ́ mẹ́rin ló máa ń fi í sílẹ̀ pátápátá.

Ohun tó tún ń tú u ni ìyípadà. Bí obìnrin wa bá kó lọ sí ìtòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó ń kún kò sí mọ́, ìwé á sì dákẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì láìjẹ́ pé ọ̀lẹ wà lára rẹ̀. Kó wá nǹkan mìíràn so ó mọ́ lọ́sẹ̀ tó kó dé gan-an: omi tó ń gbé kaná fún tíì àárọ̀, kí omi tó hó.