Wáìnì Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó: Ẹ Jẹ́ Kó Mí, Ẹ Má Jẹ̀ẹ́ Kó Rí Atẹ́gùn

Ẹni tó bá ti ra ẹmu láàárọ̀ rí, tó gbàgbé ìyókù sínú kẹ́ẹ̀gì, ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Láàárọ̀ ó ń dùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti le, ó ń hó. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ó ti kan, kò ṣe é mu mọ́. Ìwúkàrà ló ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́: ó jẹ ṣúgà, ó sọ ọ́ di ọtí, ó sì ń tú gáàsì jáde. Kíkan yẹn kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kòkòrò mìíràn ló ni ín, kòkòrò tí kò lè sọ ọtí di kíkan láìrí atẹ́gùn. Gbogbo ọgbọ́n wáìnì èso wà níbẹ̀: gáàsì inú gbọ́dọ̀ jáde, atẹ́gùn òde kò gbọdọ̀ wọlé.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pọn wáìnì ní ilé ìdáná mi ní Èbúté-Mẹ́ta, mo sì ń kọ́ àwọn tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi mí ni ibi tí wọ́n ti lè rí ìwúkàrà òyìnbó rà. Ibẹ̀ kọ́ ni wàhálà wà. Àwọn àgbà wa fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n rọ̀ pọn àgàdàgídí láìra ìwúkàrà kankan, torí ó ti wà lára èèpo èso. Èyí tí a ń rà kàn ń jẹ́ ká mọ irú òṣìṣẹ́ tí a gbà ni. Ìwúkàrà wáìnì ló dára jù. Bí kò bá sí, ti búrẹ́dì, ṣíbí tíì kan, yóò ṣe é.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjà Oyingbo, mi ò kì í wá èyí tó rẹwà. Mo máa ń sọ fún ìyá tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn pé, "Ẹ káàsán mà, àwọn tó ti pọ́n dénú ni kí ẹ kó fún mi," wọ́n á sì gbé e sókè, wọ́n á gbóòórùn ìdí rẹ̀ kí wọ́n tó fún mi. Ibẹ̀ ló ti máa ń ta sánsán tí ṣúgà bá ti pé. Ṣùgbọ́n èyí tó ti bu, ẹ má mú un, kódà bí wọ́n bá ní àwọn á bá yín gé ibi tó bu kúrò.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Nǹkan bí gíráàmù 17 ṣúgà nínú lítà kan ló ń fún wa ní ìdá 1 ọtí nínú 100. Wáìnì tó bá máa tó 12 nínú 100 yóò gba nǹkan bí 200 fún lítà kan, ìyẹn 800 fún lítà 4. Kílò 2 ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a ti bó ń gbé bíi 200 wá fúnra rẹ̀. Ẹ ó wá fi ṣúgà gíráàmù 600 kún un, kí ẹ bu omi tí a sè tó ti tutù sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi tó lítà 4. Àwọn kan máa ń da ṣúgà kílò méjì sí i kó lè le. Kò ní le. Ṣúgà tó pọ̀ jù máa ń dá ìwúkàrà lágara, adùn lásán ni ẹ máa mu.

Ẹ gún èso náà, ẹ pò ó mọ́ ṣúgà, omi àti ìwúkàrà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti fọ̀ mọ́ dáadáa, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, ẹ máa rò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ ìsẹ́gì sẹ́ ẹ. Kó má jẹ́ èyí tí ẹ ti fi sẹ́ ògì rí o. Kíkan ògì kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù nìyí. Ẹ da omi èso náà sínú kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Ẹ ra okùn dríìpù ní ilé oògùn, ẹ lu ìdérí kẹ́ẹ̀gì níhò tí okùn náà á fún mọ́, ẹ yọ́ àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí ká, kí ẹ wá ri ẹnu okùn kejì sínú ìgò omi. Tó bá di òru, tí ilé bá dákẹ́, ẹ ó máa gbọ́ ọ: pọ̀, pọ̀, pọ̀. Ó ń mí nìyẹn. Gáàsì ń jáde, omi inú ìgò kò sì jẹ́ kí atẹ́gùn padà wọlé.

Ooru Èkó ni ọ̀tá kejì. Bí yàrá bá gbóná ju ìwọ̀n 30 Celsius lọ, ìwúkàrà á sáré jù, wáìnì á sì máa rùn bí omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sínú abọ́ omi ńlá, kí ẹ máa ju píọ́wọ́tà dídì méjì mẹ́ta sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo ti kánjú rí. Nígbà kan, okùn mi dákẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún, mo ní ó ti parí, mo rọ ọ́ sínú ìgò, mo dé e pinpin. Ẹ̀gbẹ́ ìdérí kẹ́ẹ̀gì ló ń jò. Ibẹ̀ ni gáàsì ń gbà lọ. Lóru ọjọ́ kẹrin, ìgò mẹ́ta bú gbàmù nínú kọ́bọ́ọ̀dù, àfọ́kù kan sì gún ilẹ̀kùn rẹ̀ wọlé. Ká ní ọmọ ló dúró níbẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà náà, hydrometer, irinṣẹ́ tí a ń jù sínú wáìnì láti mọ bí ṣúgà ṣe kù sí nínú rẹ̀, ni mo ń gbà gbọ́. Tí ó bá ń fi 1.000 tàbí kó dín díẹ̀ hàn fún ọjọ́ mẹ́ta láìyẹ̀, ó ti parí. Ẹni tí kò ní in, kó dúró fún oṣù méjì, kó sì rọ ọ́ sínú ìgò oníke. Ike tó bá ń le sí i lójoojúmọ́ ń kìlọ̀ fún yín ni.

Ẹ máa fa ojú rẹ̀ kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lóṣooṣù, ní oṣù kẹrin ẹ lè tọ́ ọ wò.

Àwọn kan á ní àwọn kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n rẹ èso sínú ọtí líle. Àwọn ìyá alágbo ti ń rẹ egbò àti èèpo igi sínú ọtí tipẹ́. Ọ̀nà kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọtí tí wọ́n di dáadáa, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ni kí ẹ rà. Lọ́dún 2015, ògógóró tí methanol, ọtí olóró tí kò ṣe é mu, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìpínlẹ̀ Òǹdó àti Rivers, àwọn mìíràn sì fọ́jú. Ẹnu kò lè ya methanol sọ́tọ̀ kúrò lára ọtí gidi. Bí ojú bá ń ṣú ẹni tó mutí, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sì gbìyànjú láti gbé wáìnì yín kaná kí ẹ máa gba oru rẹ̀.

Tí agbálùmọ̀ bá ti dé, ẹ bó èèpo rẹ̀ torí oje tó ń lẹ̀ mọ́ ètè yẹn, ẹ yọ kóró, ẹ da jín-ìnnì tó jẹ́ 40 nínú 100 lé e lórí títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀. Èyí tó bá yọrí síta máa bu. Ọ̀sẹ̀ méjì ti tó. Strawberry láti Jos kì í ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí àwọ̀ rẹ̀ tó ṣí, òdòdó zobo kò sì ju òru kan. Èso tí ẹ bá sẹ́ kúrò, ẹ dà á nù fúnra yín, kí ọmọdé má rí i jẹ, torí ọtí ló kún inú rẹ̀.