Ẹni Tí Ojora Mú Kì Í Dápàárá

Ìtàn tó ń dẹ́rù bani ni mo ń bá àwọn òǹkọ̀wé tún ṣe, iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Irú ìran kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá bá mi ṣáá bí wọ́n bá fẹ́ da ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ẹ̀rù. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ti kú, nǹkan kan tí a kò rí ń fi èékánná ha ìlẹ̀kùn. Àwọn mẹ́rin tó wà nínú ilé á figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á forí gbára, ọ̀kan á ṣubú lé èkejì, ẹ̀kẹta á ní, "Àbí àlejò wa ló dé ni?" Òǹkọ̀wé á wá to àmì ìyanu márùn-ún tẹ̀lé e. Mo kà á tán, n kò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò sì bà mí mọ́.

N ò ní sọ bí a ṣe ń dẹ́rù bani níbí o. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyẹn, kò tíì tó àsìkò tí yóò máa wá ẹ̀rín kiri. Ọ̀rọ̀ mi kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tí ojora bá mú kò mọ̀ pé òun ń pani lẹ́rìn-ín. Ó gbà tọkàntọkàn pé ohun tó yẹ lòun ń ṣe. Bó bá ti lè dúró fi ohun tó ń lé e ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn, kí ló wá kù tí yóò ba àwa tí à ń kà á lẹ́rù?

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ yìí títí ẹnu mi fẹ́ẹ̀ bó, síbẹ̀ igbe ni gbogbo yín ń kọ sínú ìwé. Ní 1915, Walter Cannon, onímọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé jáde lórí ohun tí ìbẹ̀rù ń ṣe lára. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline máa ń ya wọnú ẹ̀jẹ̀, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á fi ikùn sílẹ̀, á gba inú iṣan apá àti ẹsẹ̀ lọ, kí èèyàn lè jà tàbí kó sá. Itọ́ á gbẹ lẹ́nu. Agbára ńlá dé, ṣùgbọ́n ọmọ ìka ń gbọ̀n rìrì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń sá fi lè fo ògiri tí kò jẹ́ dá a láṣà láti fò lọ́jọ́ mìíràn, tí yóò sì dé ẹnu ìlẹ̀kùn, tí kò ní lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò. Bákan náà, bí ọkàn bá ti pòrúurùu, ohun tó ti mọ́ni lára ni ọwọ́ máa ń ṣe. Wọ́n ti rí i léraléra nínú ọkọ̀ òfurufú tó gbiná: èèyàn á kọ́kọ́ nawọ́ gbé báàgì rẹ̀ kó tó sá jáde.

Ẹ wá fi ọkùnrin kan síwájú ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ lóru, ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ mẹ́fà lára òrùka kan. Ó ki àkọ́kọ́, kò wọlé. Ìró ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn wọn. Ó ki èkejì. Ìró ẹsẹ̀ mìíràn. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ṣà á, kò mọ èyí tó ti dán wò mọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Ti ṣọ́ọ̀bù nìyẹn." Ó ní, "Mo mọ̀." Kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, tí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, ìyàwó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀: "Bàtà yín dà?" Ó ti bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tò ó mọ́ra wọn, bó ti ń ṣe lójoojúmọ́.

Kò sẹ́ni tó dápàárá níbẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ yẹn kò sì dúró. Bàtà náà ṣì tún wúlò: kí wọ́n yọjú lójú fèrèsé, kí wọ́n rí i pé ẹnìkan ti yí i, ó ti kọjú sínú ilé. Ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ló tún já wa láyà yẹn. Olóòtú tó mọṣẹ́ ló ń rí irú àyè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gbogbo èèyàn.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń da ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ẹ̀rù. Nínú The Castle of Otranto, ìwé ìtàn ẹ̀rù tí Horace Walpole, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1764, ìránṣẹ́ méjì rí ẹsẹ̀ òmìrán nínú yàrá kan, wọ́n sáré tọ ọ̀gá wọn lọ. Ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì sọ̀rọ̀ parí, inú ọ̀gá ń ru, ó sì pẹ́ ká tó mọ ohun tí wọ́n rí. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní 1765, Walpole fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú gbèjà ẹ̀rín àwọn ìránṣẹ́ yìí, ó ní Shakespeare ni àwòkọ́ṣe òun.

Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn ayédèrú olùkọ́ tó ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tí wọ́n ní bí ẹ bá ti dẹ́rù bani lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ fi àwàdà kan sí i. Ta ló ṣòfin yẹn? Àwọn mìíràn ní ọ̀gànjọ́ òru nìkan ni kí ẹ máa kọ ọ́, tàbí pé ẹni tó bá fi iwin ṣàwàdà nínú ìwé, iwin á wá a wálé. Ọ̀sán gangan ni mò ń tún ìtàn iwin ṣe. Irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ọ̀kan nínú wọn ba ìtàn kan jẹ́, ó ṣì ń dùn mí. Obìnrin kan ló kọ ọ́: ọmọdé gbọ́ èémí lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀. Bàbá wọlé, òun náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú ti òun níwájú ọmọ, ló bá ní sálúbàtà òun lòun ń wá. Ó wá a lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá a lójú fèrèsé, ó wá a níbi gbogbo àfi abẹ́ ibùsùn. Ọmọ ní, "Dádì, ó wà lẹ́sẹ̀ yín." Mo rẹ́rìn-ín, orí mi sì wú.

Ká tó parí iṣẹ́, ó gbé e lọ fún ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá aláwàdà. Ìyẹn yọ sálúbàtà kúrò, ó ní kí ọmọ tọ̀ sára, kí bàbá sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtàn bàjẹ́ kanlẹ̀. Ọmọ yẹn ló ń sọ òótọ́ nínú ilé náà. Bí ẹ bá fi ẹ̀rù rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ ti sọ fún wa pé kò sí nǹkan kan lábẹ́ ibùsùn. Àgbàlagbà tó ń fi ojora pamọ́ nítorí iyì rẹ̀ ni kí ẹ fi pa wá lẹ́rìn-ín, torí òun ló ní ohun tó ń bò. Mo ní kí obìnrin náà mú ẹ̀dà àkọ́kọ́ padà wá. Ó ní òun ti pa á rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀gá yẹn ló ní kóun pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ yín rẹ́ nítorí ẹnikẹ́ni, bó ṣe èmi gan-an ló ní kí ẹ pa á rẹ́.