Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Díye Lé Erin Tó Wà Láàyè

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, òkú erin nìkan ló ń pa owó. Wọ́n á yọ eyín rẹ̀, wọ́n á gbé e sórí òṣùwọ̀n, iye kílò tó bá wọ̀n ni ọjà fi ń náà. Ọjọ́ tí erin bá kú là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Èyí tó ṣì ń jẹ̀ nínú igbó kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Bóyá ti àgbẹ̀ tó jẹ oko rẹ̀ run nìkan, lọ́dọ̀ ìyẹn ẹ̀wẹ̀, gbèsè ni.

Ìjà òfin ló bí ìdíyelé erin alààyè. Wọ́n fojú bù ú pé erin Áfíríkà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 ní 1979. Nígbà tó fi máa di 1989, ó ti ku nǹkan bíi 600,000. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó tó wà nínú ewu, fẹ́ pàdé ní Lausanne, ní Switzerland, ní oṣù kẹwàá ọdún náà láti pinnu bóyá kí wọ́n fòfin de òwò eyín erin káàkiri ayé. Ní oṣù keje, ààrẹ Kẹ́ńyà, Daniel arap Moi, ti dáná sun tọ́ọ̀nù 12 eyín erin ní gbangba, ẹrù tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là. Àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Áfíríkà ní tiwọn sọ pé owó eyín làwọn fi ń ṣọ́ erin. Ẹni tó bá fẹ́ kí òfin náà kọjá gbọ́dọ̀ lè sọ iye tí erin ń mú wọlé láìkú.

Àwọn olùwádìí méjì, Gardner Brown àti Wes Henry, gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún yẹn gan-an, lórí àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tó ń lọ wo ẹranko ní Kẹ́ńyà. Irinṣẹ́ méjì ni wọ́n lò, èyíkéyìí nínú méjèèjì kì í ṣe ti erin látìbẹ̀rẹ̀.

Èkíní wá láti inú lẹ́tà tí Harold Hotelling, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, kọ sí àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba ní Amẹ́ríkà ní 1947. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí wọ́n fa òbìrí yí ọgbà ká, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n ka iye èèyàn tó ń wá láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ṣírò ohun tí ìrìn-àjò náà ná wọn. Ẹni tó jìnnà ń náwó jù, irú wọn kì í sì í pọ̀ tó àwọn ará ìtòsí. Ìyàtọ̀ yẹn ló máa fi hàn bí àwọn àlejò ṣe ń dín kù bí owó ṣe ń ga. Ohun tí ará ìtòsí ì bá san, àmọ́ tí kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ni àǹfààní tí ọgbà ń ṣe é. Ibi tí ọgbọ́n yìí ti ń kọsẹ̀ kò ṣòro láti rí: arìnrìn-àjò kan lè fi ọkọ̀ òfuurufú kan náà lọ wo kìnnìún, kó lọ sí etíkun, kó sì kí ọ̀rẹ́. Ta ni kí a ka owó ọkọ̀ sí lọ́rùn? Brown àti Henry ní kí àwọn àlejò fúnra wọn pín ìgbádùn wọn sí ìpín-ìpín. Ti erin jẹ́ nǹkan bíi 12 sí 13 nínú ọgọ́rùn-ún.

Irinṣẹ́ kejì kò ju ìbéèrè lọ: èló lẹ múra tán láti san kí erin má bàa dín kù? Onímọ̀ ọrọ̀ ajé mìíràn, S. V. Ciriacy-Wantrup, ló dábàá irú rẹ̀ ní 1947 kan náà, Robert K. Davis sì kọ́kọ́ lò ó nínú igbó Maine, ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960.

Ọ̀nà méjèèjì gúnlẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́dún. Mílíọ̀nù 3 tó jóná jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí ń padà wá lọ́dọọdún. Wọ́n fòfin de òwò náà, òfin sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1990. Àmọ́ ọ̀pọ̀ tó ń ka nọ́ńbà yẹn lé ahọ́n kò fara balẹ̀ wò ó. Kì í ṣe owó tó wọ àpò Kẹ́ńyà. Ìgbádùn tí àlejò jẹ ju owó tó san lọ ni wọ́n sọ di dọ́là, inú àpò àlejò ló sì wà, àfi bí ìjọba bá bu owó lé ẹnu ọ̀nà láti gbà á.

Àléébù ọ̀nà ìbéèrè hàn gbangba lẹ́yìn tí ọkọ̀ epo Exxon Valdez da epo sí òkun Alaska ní 1989 kan náà. Àwọn olùwádìí béèrè lọ́wọ́ àwọn èèyàn iye tí wọ́n máa san láti gba ẹyẹ là lọ́wọ́ epo. Fún ẹyẹ 2,000, ìdáhùn jẹ́ nǹkan bíi 80 dọ́là. Fún 20,000, 78. Fún 200,000, 88. Àánú ni wọ́n ń sanwó fún, kì í ṣe iye ẹyẹ. Nítorí náà, kò bójú mu láti gba irú owó bẹ́ẹ̀, kí a pín in fún iye erin, kí a wá pe èsì rẹ̀ ní iye erin kan. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ láti yẹ ọ̀nà yìí wò, tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Kenneth Arrow àti Robert Solow darí, sọ ní 1993 pé kí ìbéèrè rí bí ìdìbò: ṣé ẹ máa san iye báyìí, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé Ranjith Bandara àti Clem Tisdell gbé irinṣẹ́ yìí lọ sí Sri Lanka, ìbéèrè tiwọn ló sì wù mí jù. Èèyàn 300 ní Colombo ni wọ́n bi léèrè, àwọn ará ìlú ńlá tí erin kì í jẹ oko wọn. Ohun tí ará ìlú múra tán láti san ju àdánù àwọn àgbẹ̀ tí erin ń yọ lẹ́nu lọ. Owó wà; ọ̀nà tó máa gbé e dé oko ni kò sí.

Zimbabwe gbìyànjú láti la ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ ètò CAMPFIRE, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, ọdẹ láti òkè òkun á sanwó láti yìnbọn pa erin díẹ̀, ìgbìmọ̀ agbègbè á sì pín nínú owó náà fún àwọn ará abúlé. Erin ló ń mú èyí tó pọ̀ jù wá. Níbí, iye erin jẹ́ owó gidi tí èèyàn lè kà, àmọ́ ó so mọ́ oníbàárà kan. Ní oṣù kẹrin 2014, Amẹ́ríkà dá gbígbé erin tí wọ́n pa ní Zimbabwe wọlé dúró, ọjà sì ta kókó.

Ọdún yẹn náà ni àjọ David Sheldrick Wildlife Trust, tó ń dáàbò bo erin ní Kẹ́ńyà, gbé nọ́ńbà tó tàn ká jù jáde: mílíọ̀nù 1.6 dọ́là fún erin kan láti ìgbà ìbí dé ikú, nígbà tí eyín rẹ̀ kò ju 21,000 lọ. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: 22,966 dọ́là lọ́dún láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò, lọ́nà 70 ọdún. Ìṣòro méjì wà níbẹ̀. Wọn kò yọ èlé, bẹ́ẹ̀ owó tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú kò níye tó owó òní: bí a bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín owó ọdún iwájú kù, mílíọ̀nù 1.6 á di nǹkan bíi 444,000. Bó bá jẹ́ ìdá 10, á di nǹkan bíi 229,000. Èkejì, ìpíndọ́gba ni. Bí erin kan bá kú nínú 1,000, àlejò kankan kò ní pa ìrìn-àjò rẹ̀ tì. Bí ó bá ku 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè níye ju gbogbo èyí lọ.

Robin Naidoo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹra fún èyí ní 2016. Wọ́n wo bí àbẹ̀wò sí àwọn ọgbà ẹranko Áfíríkà ṣe ń yí padà pẹ̀lú iye erin, wọ́n sì rí i pé pípa erin lọ́nà àìtọ́ ń ná ilẹ̀ náà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là lọ́dún. Ẹ má pa èyí pọ̀ mọ́ mílíọ̀nù 25 ti 1989: owó tó sọnù ni, káàkiri Áfíríkà. Ní pápá, owó àlejò tó láti fi ṣọ́ erin. Nínú igbó kìjikìji àárín gbùngbùn Áfíríkà, kò tó. Níbẹ̀, fìrí lásán ni àlejò ń rí àjànàkú, bó bá tiẹ̀ rí i.

Fún erin igbó ni wọ́n ṣe yíjú sí kábọ́ọ̀nù, èyí tí igi ń fà látinú afẹ́fẹ́ tó sì ń tò pa mọ́, tí àwọn kan sì ń sanwó kí ó lè wà níbẹ̀. Fabio Berzaghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2019 pé erin igbó ń jẹ igi kéékèèké, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, àwọn igi ńlá tó le tó sì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ á wá rí oòrùn àti omi tó. Bí wọ́n bá pa gbogbo erin náà tán, ìwọ̀n igi tó wà lórí ilẹ̀ igbó náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ralph Chami, tó wà ní Àjọ Owó Lágbàáyé nígbà náà, bá wọn ṣírò rẹ̀: mílíọ̀nù 1.75 dọ́là fún erin kan, ní nǹkan bíi 25 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì kan. Bí iye kábọ́ọ̀nù lọ́jà bá fi ìdajì wálẹ̀, iye erin náà á fi ìdajì wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì ṣeé gbé lọ sí pápá, níbi tí erin ti ń wó igi ńlá fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú kábọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè iye erin tó wà, wọn kò sì ṣeé kà láti òfuurufú lábẹ́ igi. Ìgbẹ́ ni wọ́n ń kà. Wọ́n á rin ọ̀nà tààrà, wọ́n á wọn bí òkìtì kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ọ̀nà tó, wọ́n á fi iye ìgbà tí erin ń yàgbẹ́ lójúmọ́, nǹkan bíi 17 sí 20, àti iye ọjọ́ tí òkìtì fi ń jẹrà pín in. Bí òjò bá mú kí ìgbẹ́ tètè jẹrà, tí wọ́n sì lo iye ọjọ́ ti ẹ̀ẹ̀rùn, erin á dín kù lórí ìwé láìsí ẹni tó yìnbọn.