Ògiri kẹrin: ohun tí Alvy ń bá wa sọ nínú Annie Hall

Yàrá tí wọ́n bá kọ́ sórí ìtàgé, ògiri mẹ́ta ló máa ń ní: ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ìkẹrin tí ìbá dí wa lójú kò sí, ṣùgbọ́n àwọn òṣèré á máa ṣe bí ẹni pé ó wà. Òun ni wọ́n ń pè ní ògiri kẹrin. Denis Diderot, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Faransé, ti kọ ọ́ lọ́dún 1758 pé kí òṣèré ṣeré bí ẹni pé ògiri ńlá kan pààlà sáàárín òun àti òǹwòran. Nínú fíìmù, ojú kámẹ́rà ni ògiri yìí. Bí òṣèré bá kọjú sí kámẹ́rà tó bá wa sọ̀rọ̀, ó ti wó o nìyẹn.

Lójú tèmi, kò sí fíìmù tó wó o dáa tó Annie Hall, tí Woody Allen darí lọ́dún 1977. Allen fúnra rẹ̀ ṣe Alvy, aláwàdà ará New York. Diane Keaton ṣe Annie. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá, Alvy ti dúró síwájú wa, ó ní òun àti Annie ti pínyà, òun ò sì mọ ibi tó ti wọ́. Eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín sábà máa ń mú wa ronú pé, ṣé wọ́n á fẹ́ra àbí wọn ò ní fẹ́ra? Èyí ti sọ òpin fún wa. Ó wá kù ká bá a wá ìdí rẹ̀.

Ẹ wo ibi tí Alvy àti Annie ti tò sórí ìlà ní sinimá. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn ń fi ìmọ̀ yangàn, ó ń ṣàlàyé Marshall McLuhan, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Inú bí Alvy, ó kúrò lórí ìlà, ó wá fẹjọ́ rẹ̀ sùn wá. Ọkùnrin yẹn tẹ̀ lé e, òun náà ń ro tẹnu rẹ̀: Yunifásítì Columbia lòun ti ń kọ́ni! Ni Alvy bá fa McLuhan gan-an jáde láti ẹ̀yìn pátákó, McLuhan sì sọ fún ọkùnrin náà pé kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ òun. Alvy yíjú sí wa, ó ní ká ní báyìí layé rí ni!

Ẹ fetí sí gbólóhùn yẹn dáadáa. Alvy lè pe ẹlẹ́rìí tó bá wù ú, àfi Annie ni kò lè fà padà. Ó tiẹ̀ ń dá àwọn èèyàn dúró ní ìgboro, ó ń bi wọ́n léèrè. Ìyá àgbàlagbà kan dá a lóhùn pé kò sóhun téèyàn ṣe, ìfẹ́ a máa ṣá ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ fíìmù ìsinsìnyí ń wó ògiri yìí kí á ṣáà lè rẹ́rìn-ín. Ti Alvy yàtọ̀, torí kò sẹ́lòmíì tó kù tó lè ro ọ̀rọ̀ náà fún.

Nígbà tó ṣe, ó kọ eré orí ìtàgé. Òṣèré méjì ń fi ọ̀rọ̀ tí òun àti Annie sọ lọ́jọ́ ìpínyà dánrawò, àmọ́ nínú eré yẹn ọmọbìnrin náà ò lọ mọ́. Alvy wo ojú wa. Ó ní kí la tún ń retí, eré tí òun kọ́kọ́ kọ nìyẹn.