Àjàṣẹ́ ni Sẹ̀lẹ́ ti ṣẹ̀

Tí mo bá ti gbọ́ kí ẹnìkan máa sọ pé Èkó ni ìjọ Sẹ̀lẹ́ ti wá, ara mi kì í gbà á rárá. Àjàṣẹ́ níbí ni, Porto-Novo ti orílẹ̀-èdè Benin yìí, tí àwọn Gùn (Ègùn) ń pè ní Hogbonu, ibí ni wọ́n ti bí ẹni tó dá a sílẹ̀, ibí ni wọ́n ti jẹ́ iṣẹ́ náà fún wọn, ibí náà ni àwọn tó kọ́kọ́ gbà á gbọ́ ti ń pé jọ gbàdúrà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ ní Mákòókò ní Èkó. Àwọn ará Nàìjíríà ló sọ ọ́ di ńlá, mi ò jiyàn ìyẹn, wọ́n pọ̀ jù wá lọ, ṣùgbọ́n ẹni bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń wọ sùtánà, ìdí tí a fi ń bọ́ bàtà, ìdí tí a ò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ oògùn sétí, ọdún 1947 ní Àjàṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ padà sí. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá lorúkọ ẹ̀ ní Yorùbá, Faransé ní Christianisme Céleste, Sẹ̀lẹ́ ni gbogbo ayé ń pè é.

Ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1909 ni wọ́n bí Samuel Bilewu Joseph Oschoffa. Káfíńtà ni bàbá wọn, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ìyá wọn sì wá láti Ìmẹ̀kọ. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa dàgbà ni pé bàbá yìí ń bímọ, àwọn ọmọ ń kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, Elizabeth, ni bàbá bá bẹ Ọlọ́run pé tó bá lè fún òun ní ọmọkùnrin kan tó máa yè, òun á yọ̀ǹda ẹ̀ fún iṣẹ́ Ẹ̀, bíi ti Hánà inú Bíbélì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Samuel. Wọ́n fi ọmọ sọ́dọ̀ katikísì Mẹ́tọ́díìsì láti kékeré, bóyá á di àlùfáà lọ́la, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ní káwọn ọmọ máa ṣe bíríkì fún ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kọ̀, ni wọ́n bá dá wọn padà sílé, Samuel náà padà sídìí iṣẹ́ bàbá ẹ̀, ó kọ́ káfíńtà. Lẹ́yìn tí bàbá ti kú, wọ́n bọ́ sídìí òwò pákó, pàápàá igi dúdú líle tí Faransé ń pè ní ébène, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á gba orí odò lọ sínú igbó lọ rà á.

Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa. Oschoffa ò lọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kankan parí, wọn ò jẹ oyè kankan nínú Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tó ń ta pákó ni wọ́n, ẹni nǹkan bí ọdún 38, nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Bí Àjàṣẹ́ sì ṣe rí nígbà yẹn náà ṣe pàtàkì. Àwọn Fadá ti wà níbí láti 1864, Mẹ́tọ́díìsì wà, Mùsùlùmí pọ̀ bí omi, Orò ń ké, Zangbeto ń ṣọ́ ìlú lálẹ́, ojúbọ wà ní ìgboro. Onígbàgbọ́ tó ti ṣe ìrìbọmi, tó lórúkọ nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ ẹ̀ bá dá ibà sílẹ̀ lóru, ilé babaláwo ló ń sáré lọ, tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ Sunday ó tún ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò sẹ́ni tó rí i bí ohun àjèjì. Àwọn òyìnbó tó mú ìwé wá ò fún èèyàn ní nǹkan tó lè fi kojú òru bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn ní kó má lọ sọ́dọ̀ aláwo, wọn ò sọ ibi tó máa lọ.

Oṣù Karùn-ún 1947 ni oòrùn ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. Òkùnkùn yẹn kì í ṣe àsọdùn o, òṣùpá bo oòrùn lóòótọ́ lóṣù yẹn, ó gba Brazil, ó gba orí òkun kọjá sórí ilẹ̀ wa, àwọn onímọ̀ ojú ọ̀run kọ ọ́ sílẹ̀ sí ọjọ́ 20, ìjọ ní ọjọ́ 23 ni, èmi ò rí ìjà nínú ìyẹn. Oschoffa wà nínú igbó nídìí igi wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n gbọ́ ohùn kan tó ń wí pé "Luli", wọ́n ní oore-ọ̀fẹ́ Jésù Kristi ni ohùn náà pè é. Nígbà tí wọ́n lajú, ọ̀bọ funfun kan tó ní ìyẹ́ wà níwájú wọn, ẹyẹ kan tó rí bí ọ̀kín, àti ejò kúkurú kan tó fẹ ẹnu, wọn ò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Atukọ̀ tó gbé wọn wá, inú ń run ún gan-an, wọ́n gbàdúrà fún un, ó san. Lẹ́yìn náà wọn ò mọ ọ̀nà ilé mọ́, oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi rìn kiri inú igbó yẹn, oyin àti omi odò ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá mọ igbó inú omi tó wà lápá ibẹ̀ á mọ̀ pé èèyàn lè sọnù síbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọn ò padà wá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe lọ. Wọ́n ń gbọ́wọ́ lé aláìsàn, aláìsàn ń dìde, ìjọ sì gbà pé ọmọ Elizabeth ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú, àdúrà wọn ló jí i. Àwọn aládùúgbò kan ń sọ pé orí ẹ̀ ti yí.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni ọjọ́ tí a ń ṣe àjọ̀dún ẹ̀ títí dòní. Àwọn Kátólíìkì mọ̀ ọ́n sí ọjọ́ Mikaeli Mímọ́, ẹni tó bá sì mọ bí a ṣe ń ké pe Mikaeli tó nínú Sẹ̀lẹ́ á rí i pé ó bára mu. Oschoffa ń gbàdúrà nínú ilé wọn ní Àjàṣẹ́, ìmọ́lẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀ bí iná mọ́tò, nínú ẹ̀ ni ẹ̀dá oníyẹ̀ẹ́ kan wà tí gbogbo ara ẹ̀ jẹ́ iná. Iṣẹ́ tó jẹ́ fún wọn ò gùn. Ó ní Ọlọ́run fẹ́ rán wọn sí ayé, torí pé ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ni wàhálà ń bá tí wọ́n sì ń sá lọ sọ́dọ̀ abọrẹ̀ àti agbára òkùnkùn, tí wọ́n bá kú wọn ò ní lè rí Kristi torí àmì Sátánì ti wà lára wọn, kí wọ́n lọ kìlọ̀ fún ayé, kí wọ́n máa sin Kristi nìkan, iṣẹ́ ìyanu á sì máa tẹ̀ lé wọn káwọn èèyàn lè gbà gbọ́.

Tí mo bá ka ibẹ̀ yẹn, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé Àjàṣẹ́ gan-an ni áńgẹ́lì yẹn ń wò nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa Mẹ́talọ́kan, kò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa póòpù. Ẹni tó ń sáré lọ sílé babaláwo lóru yẹn ló ń bá wí, ó sì fún un níbi tó máa sá lọ.

Orúkọ ìjọ náà kì í ṣe Oschoffa ló sọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ń bá wọn gbàdúrà ti ń pọ̀, ẹ̀mí gbé ọ̀kan nínú wọn, Alexander Yanga, wọ́n ní ọjọ́ méje ló fi wà nínú ẹ̀mí, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹfun, ó sì fi kọ orúkọ náà sára ògiri ní èdè Faransé. Látìgbà náà, ohun tí a ń sọ ni pé ìjọ yìí ò yapa kúrò lára ìjọ kankan. Kérúbù àti Séráfù ní Èkó ní 1925, inú ìjọ Áńgílíkà ni àwọn èèyàn ẹ̀ ti jáde, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀.

Inú iṣẹ́ tí áńgẹ́lì jẹ́ yẹn ni ìgbàgbọ́ wa ti ń jáde. Bíbélì ni ìpìlẹ̀, Jésù Kristi ni Olúwa, Ẹ̀mí Mímọ́ ń sọ̀rọ̀ títí dòní, òrìṣà ò sí, oògùn ò sí, oúnjẹ tí wọ́n fi bọ̀rìṣà ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹni. Ọtí, tábà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kò sí èyí tó bá wa lò. Aṣọ pupa àti dúdú ò yẹ wá, àfi ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá ní kó wọ̀ ọ́. Ìrìbọmi, inú omi tó ń ṣàn ni, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń ri èèyàn bọ̀ ọ́. Àbẹ́là méje ń jó lórí pẹpẹ bíi fìtílà iná méje inú Ìfihàn. Sùtánà funfun, gbogbo wa la ń wọ̀ ọ́, ẹni bá sì ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà, torí Ọlọ́run ní kí Mósè bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ nígbà tó dúró lórí ilẹ̀ mímọ́, àti olówó àti tálákà, àtẹ́lẹsẹ̀ ni gbogbo wa ń fi tẹ ilẹ̀ àánú, ibi àdúrà tó wà nínú ọgbà ìjọ. Oschoffa ò sì lé olóbìnrin púpọ̀ dànù bí àwọn míṣọ́ọ̀nù ṣe ń ṣe, àwọn fúnra wọn fẹ́ ju ìyàwó kan lọ.

Èyí tí àwọn tó wá wò wá kì í gbàgbé ni ìran. Wòlíì obìnrin kan á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárín orin, ojú ẹ̀ á ti di, Gùn á máa jáde lẹ́nu ẹ̀, Yorùbá á tẹ̀ lé e, akọ̀wé á ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú kàyé ọmọ ilé ìwé àti bírò, á máa kọ ọ́ kíákíá, orúkọ ẹni tí a rí, ohun tí a rí, Sáàmù tó máa kà, iye àbẹ́là tó máa tàn, omi tó máa gbàdúrà sí, èso tó máa pín. Tó bá parí, akọ̀wé á pe ẹni náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, á kà á fún un jẹ́jẹ́, torí pé ẹni tó ríran kì í sábà rántí ohun tó sọ.

Ibẹ̀ ni àwọn pásítọ̀ ìjọ tuntun ti ń bú wa, wọ́n ní kí ló yàtọ̀ láàárín èyí àti ẹbọ, wọ́n ní a kì í ṣe Pẹntikọ́sì rárá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, kò sí ońdè, kò sí orúkọ òrìṣà. Náámánì lọ wẹ nínú Jọ́dánì, Jésù fi itọ́ po amọ̀ sójú afọ́jú, áńgẹ́lì ń jó tùràrí nínú Ìfihàn. Tó bá jẹ́ pé fífi ahọ́n sọ̀rọ̀, ìwòsàn, àsọtẹ́lẹ̀ àti Ẹ̀mí Mímọ́ ni Pẹntikọ́sì, a ti ń ṣe é ní Àjàṣẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó dé. Àwọn wòlíì kan wà lóòótọ́ tó sọ ìran di òwò, tí wọ́n á ka iye owó fún aláìsàn kí wọ́n tó gbàdúrà fún un, inú mi máa ń bàjẹ́ sí i, ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ tí áńgẹ́lì jẹ́.

Òfin kan wà tí èmi gẹ́gẹ́ bí obìnrin ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lé lórí. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù ò gbọdọ̀ wọ ọgbà ìjọ títí ọjọ́ méje á fi pé tí wọ́n á sì yà á sí mímọ́, obìnrin ò sì lè gun orí pẹpẹ. Wọ́n mú un láti inú Léfítíkù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń múra ọdún bọ̀, tí ara ẹ̀ wá yí padà lójijì láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, ẹ bi í bí ó ṣe máa ń rí. Mo ń pa á mọ́, mi ò sì gbà pé ó yẹ kó dúró bẹ́ẹ̀ títí láé, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin ni Ẹ̀mí ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ jù.

Àwọn apẹja ló gbé e kọjá ààlà. Ní nǹkan bí 1950, àwọn Ègùn tó ń pẹja lọ pẹja bọ̀ láàárín ọ̀sà tiwa àti ti Èkó gbé àdúrà yìí dé Mákòókò, Oschoffa tẹ̀ lé wọn lọ, nígbà tó sì di 1958 ìjọba Nàìjíríà ti forúkọ ìjọ sílẹ̀. Látibẹ̀ ló ti tàn dé Ivory Coast, Faransé, London, ibi gbogbo tí ọmọ wa dé. Bàbá fúnra wọn kó lọ sí Èkó nígbẹ̀yìn, jàǹbá mọ́tò ló bá wọn lójú ọ̀nà ní Nàìjíríà, wọ́n sì kú ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án 1985.

Lẹ́yìn ikú wọn ni ìjà ipò bẹ̀rẹ̀, ó sì dun gbogbo wa. Àwọn ti Nàìjíríà fi Alexander Bada ṣe olórí, lẹ́yìn ẹ̀ Philip Ajose, lẹ́yìn ẹ̀ Emmanuel tó jẹ́ ọmọ Bàbá. Àwọn tó wà lápá ibí tẹ̀ lé Benoît Agbaossi ní Àjàṣẹ́, wọ́n ní ibi tí ìjọ ti ṣẹ̀ ni olú ilé ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ìmẹ̀kọ ìlú ìyá wọn ni wọ́n sin Bàbá sí, ìlú tó jẹ́ abẹ́ Alákétu tẹ́lẹ̀ kí ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 tó gbé e sí Nàìjíríà, Kétu sì kù síhìn-ín. Torí náà tí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́, àwọn ti Nàìjíríà á kọrí sí Ìmẹ̀kọ lọ ṣe ìsìn ọdún, àwa á di ẹrù wa, ó di etí òkun Sèmè.