Àtakò ẹ̀mí sí ìsúnmọ́ Ọlọ́run nínú ẹ̀sìn Kristẹni

Àtakò ẹ̀mí ni orúkọ tí àwọn Kristẹni ń pe ìdènà tí Sátánì àti àwọn ẹ̀mí burúkú ń gbé sí ọ̀nà ẹni tó fẹ́ súnmọ́ Ọlọ́run. Wọ́n tún ń pè é ní ogun ẹ̀mí tàbí ìjà ẹ̀mí. Bí a bá gbọ́ ogun ẹ̀mí, àìsàn, àdánù àti ìfàsẹ́yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Àmọ́ àtakò sí àdúrà àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni Ìwé Mímọ́ àti àwọn olùkọ́ ìgbàanì tẹnu mọ́ jù. Ibi tí èèyàn ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ gan-an ni alátakò ń dọdẹ.

Nínú Bíbélì

Orúkọ alátakò yìí ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Lédè Hébérù, Sátánì túmọ̀ sí alátakò tàbí olùfisùn, nígbà tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Májẹ̀mú Tuntun ń lò fún un túmọ̀ sí ẹni tó ń bani lórúkọ jẹ́. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 3, ejò kò ní kí obìnrin náà kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ìbéèrè ló bi í, tó mú kó máa fura sí ohun tí Ọlọ́run sọ. Kò pẹ́ tí òun àti ọkọ rẹ̀ fi sá pamọ́ sáàárín igi ọgbà nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró Olúwa.

Sekaráyà orí 3 tún fi iṣẹ́ náà hàn kedere. Jóṣúà olórí àlùfáà dúró níwájú áńgẹ́lì Olúwa, aṣọ ọrùn rẹ̀ dọ̀tí, Sátánì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti takò ó. Kò lù ú, kò dè é lókùn. Ẹ̀sùn nìkan ni ohun ìjà rẹ̀, aṣọ náà sì dọ̀tí lóòótọ́. Olúwa bá Sátánì wí, wọ́n bọ́ aṣọ ìdọ̀tí náà lára Jóṣúà, wọ́n wọ ẹ̀wù mìíràn fún un, wọ́n sì fi láwàní mímọ́ dé e lórí. Ìfihàn 12:10 pe Sátánì ní olùfisùn àwọn ará, tó ń fi wọ́n sùn tọ̀sán-tòru níwájú Ọlọ́run.

Nínú Dáníẹ́lì orí 10, ọmọ aládé Páṣíà, tí ọ̀pọ̀ Kristẹni gbà pé ẹ̀mí burúkú ni, dí áńgẹ́lì tí a rán sí Dáníẹ́lì nítorí àdúrà rẹ̀ lọ́nà fún ọjọ́ 21, títí áńgẹ́lì Máíkẹ́lì fi wá ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ń ka ìtàn yìí lè tètè fò ẹsẹ 12 kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni áńgẹ́lì náà ti sọ pé láti ọjọ́ kìíní ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Dáníẹ́lì. Ìránṣẹ́ ló pẹ́ lọ́nà; àdúrà ti dé.

Pọ́ọ̀lù, nínú Éfésù 6, pe ọ̀rọ̀ yìí ní ìjàkadì, ìjà tí èèyàn méjì ti ń di ara wọn mú. Lẹ́yìn tó ka ìhámọ́ra Ọlọ́run tán, láti orí àmùrè òtítọ́ títí dé idà Ẹ̀mí, àdúrà ló fi parí rẹ̀. Jákọ́bù 4:7-8 fi nǹkan méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kí a kọ ojú ìjà sí Èṣù, kí a sì súnmọ́ Ọlọ́run.

Gbogbo ìdènà kọ́ ni Bíbélì dì ru Sátánì. Àìsáyà 59:2 ní ẹ̀ṣẹ̀ àwọn èèyàn ló yà wọ́n nípa kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run wọn, 1 Pétérù 3:7 sì kìlọ̀ fún ọkọ pé bó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé lè dí àdúrà rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ ìjọ fi máa ń dárúkọ ọ̀tá mẹ́ta pọ̀: ayé, ẹran ara àti Èṣù.

Àwọn bàbá inú aṣálẹ̀

Ní ọ̀rúndún kẹta àti ìkẹrin, àwọn bíi Antony ti Íjíbítì, tó kú ní ọdún 356, fi ìlú sílẹ̀ lọ gbé inú aṣálẹ̀ nítorí àdúrà. Ibẹ̀ ni ìjà náà ti wá le sí i. Evagrius ti Pontus, tó kú síbẹ̀ ní ọdún 399, to èrò burúkú tó ń kọlu ẹni tó ń gbàdúrà sí mẹ́jọ. Ó ṣa ẹsẹ Ìwé Mímọ́ jọ láti fi fèsì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí Jésù ṣe fi ọ̀rọ̀ inú Diutarónómì fèsì nígbà mẹ́ta nínú aṣálẹ̀.

Èyí tó ṣàlàyé jinlẹ̀ jù ni ìsúni, ìyẹn kí àdúrà àti iṣẹ́ sú èèyàn, èyí tó pè ní ẹ̀mí ọ̀sán gangan. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán ló máa ń dó ti èèyàn. Oòrùn á dà bíi pé kò rìn mọ́, ọjọ́ á gùn bíi wákàtí 50. Ẹni náà á máa yọjú lójú fèrèsé, á máa wo oòrùn bóyá aago mẹ́ta tí wọ́n ń jẹun ti fẹ́ẹ̀ lù. Lẹ́yìn náà ni yàrá rẹ̀ á sú u, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ á sú u, á wá máa rò pé ìfẹ́ ti tán láàárín àwọn ará, pé kò sí ẹni tó lè tu òun nínú. Ohun tí ẹ̀mí yìí ń fẹ́ ni kó dìde, kó sì fi yàrá àdúrà sílẹ̀. Evagrius ní bí onítọ̀hún bá dúró, àlàáfíà àti ayọ̀ tí ẹnu kò lè sọ ló ń tẹ̀ lé e.

Ìfòyemọ̀

Ohun tó ṣòro jù ni kí èèyàn mọ ibi tí ọkàn gbígbẹ, ìyẹn ìgbà tí àdúrà kò dùn mọ́ni mọ́, ti wá. Ignatius ti Loyola (1491-1556), àlùfáà Àgùdà ará Sípéènì, sọ pé ó lè jẹ́ àìbìkítà wa, ó lè jẹ́ pé Ọlọ́run ń dán wa wò, ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀bùn ni ìtùnú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má yí ìpinnu rere rẹ̀ padà lásìkò òkùnkùn, nítorí ẹ̀mí burúkú ló ń gbani nímọ̀ràn nígbà náà. Ó fi ọ̀tá wé ọkùnrin tó ń tan ọmọ olọ́mọ lábẹ́lẹ̀: bí ọmọ náà bá ti sọ fún bàbá rẹ̀, ètekéte ti bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹni tí ìdánwò dé bá sọ ọ́ fún olùgbọ́ ìjẹ́wọ́ tàbí àgbà tó ní òye. John of the Cross (1542-1591), tí òun náà jẹ́ àlùfáà Àgùdà ní Sípéènì, rí i pé irú òkùnkùn kan wà tó jẹ́ iṣẹ́ Ọlọ́run fúnra rẹ̀. Ní ti Martin Luther, aṣáájú àtúnṣe ìjọ ní Jámánì, ìdánwò wà lára ohun mẹ́ta tó ń sọ èèyàn di olùkọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, pẹ̀lú àdúrà àti àṣàrò.

Àríyànjiyàn

Ní ọdún 1941, Rudolf Bultmann, onímọ̀ Májẹ̀mú Tuntun ní Jámánì, sọ pé ẹni tó ń lo iná mànàmáná àti rédíò kò lè gba ayé ẹ̀mí inú Májẹ̀mú Tuntun gbọ́ mọ́. Àwọn mìíràn lọ sí òdìkejì, tí wọ́n ń dárúkọ ẹ̀mí tó ń ṣàkóso ìlú kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1993, ẹgbẹ́ kan lábẹ́ ìgbìmọ̀ Lausanne, àjọ àwọn ajíhìnrere kárí ayé, kìlọ̀ nípa fífún Sátánì láfiyèsí àṣejù. Ìkìlọ̀ náà bọ́ sí i, torí ẹni tó bá ń fi gbogbo wákàtí àdúrà bá Sátánì sọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà tó jáde ní ọdún 1992 pe àdúrà ní ìjà, pẹ̀lú ara ẹni àti pẹ̀lú ọgbọ́n adánniwò, àmọ́ ó ní iṣẹ́ oníṣègùn ni àìsàn ọpọlọ.

Nínú ìsìn

Ní Jerúsálẹ́mù ní ọ̀rúndún kẹrin, ẹni tó fẹ́ ṣèrìbọmi á kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, á na ọwọ́, á sì kọ Sátánì bíi pé ó dúró níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á yí padà sí ìlà-oòrùn láti jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Àwọn Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Nínú àdúrà alẹ́ àtijọ́ ti Ìjọ Àgùdà, 1 Pétérù 5:8, níbi tí ọ̀tá ti ń rìn kiri bíi kìnnìún tó ń bú ramúramù, ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó lọ sùn. Sáàmù 91 wà nínú àdúrà yẹn kan náà, ẹsẹ kẹfà rẹ̀ sì ni Evagrius ti mú orúkọ ẹ̀mí ọ̀sán gangan.