Ṣíìpù EPROM Àtijọ́: Kí Ló Dé Tí A Ṣì Nílò Programmer Àtijọ́?

Ìbéèrè: Kí ni EPROM, kí sì ni a fẹ́ kó pamọ́ níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń fi bí iná ṣe ń lọ sókè sódò hàn lójú gíláàsì), dùùrù oníná àti ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nígbà 1980 sí 1990 ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú. Àṣẹ tí kọ̀ǹpútà náà ń tẹ̀ lé wà nínú EPROM, irú ṣíìpù tí Dov Frohman ṣe ní ilé-iṣẹ́ Intel ní 1971. Ẹ̀rọ tí a fi ń kà á, tí a sì fi ń kọ nǹkan sínú rẹ̀, là ń pè ní programmer. EPROM rọrùn láti dá mọ̀: gíláàsì kékeré wà láàárín ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì máa ń lẹ bébà bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí bébà yẹn. Ìmọ́lẹ̀ ultraviolet ló ń pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Àtùpà tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ náà kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ lórí rẹ̀. Oòrùn gangan lè pa á rẹ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbéèrè: Bí a bá bo gíláàsì náà dáadáa, ṣé kò ní pẹ́ títí ayé?

Kò lè rí bẹ́ẹ̀. 0 àti 1 ni wọ́n fi ń kọ gbogbo àṣẹ kọ̀ǹpútà, iná tí wọ́n há mọ́ inú ṣíìpù ló sì ń dúró fún 0. Ibi tí kò sí iná ni 1. Iná yẹn ń jò díẹ̀díẹ̀. 0 kan ṣoṣo tó di 1 tó láti mú ẹ̀rọ má tàn mọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ àṣẹ náà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: ẹ̀rọ tó ṣì le, tó kú torí lẹ́tà kan.

Ìbéèrè: Programmer tuntun wà lọ́jà, kò sì wọ́n. Kí la tún ń wá ti àtijọ́ fún?

Ọ̀rọ̀ fóòtì, ìyẹn agbára iná, ni. Láti kọ nǹkan sínú EPROM tí wọ́n ń pè ní 2716 tàbí 2732 ti Intel, fóòtì 25 ló ń fẹ́. 2732A ń fẹ́ 21, 27256 ń fẹ́ 12.5. Ọ̀pọ̀ programmer olówó pọ́ọ́kú kò lè dé 25.

EPROM 2708 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹ tó lè kà á lásán, ó ń fẹ́ oríṣi iná mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà: +12, +5 àti −5. −5 ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni kó gbẹ̀yìn jáde, kí ṣíìpù má bàa jóná. Programmer ìgbà yẹn, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Data I/O ń ṣe ní Redmond ní Amẹ́ríkà, mọ irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ. TMS2716 ti Texas Instruments kì í ṣe 2716 ti Intel: iná mẹ́ta lòun náà ń fẹ́. TMS2516 ló bá ti Intel mu. Mo ti rí ẹni tó wo nọ́ńbà 2716 nìkan, tó sì tì í bọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń kó o pamọ́ gan-an?

Ẹ ka ṣíìpù náà ní ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì fi checksum wọn (nọ́ńbà kan tí programmer ń ṣírò láti inú gbogbo ohun tó kà) wéra. Bí wọn kò bá dọ́gba, ibì kan ti ń rẹ̀. Ẹ dín fóòtì tí ẹ fi ń kà á kù, láti 5 sí nǹkan bí 4.5: 0 tó ti fẹ́ di 1 sábà máa ń padà fara hàn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí odindi fáìlì gbà lára ṣíìpù tí wọ́n ti ní kí n jù nù. Programmer àtijọ́ yóò fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ RS-232, irú wáyà tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ, ipò tí ṣíìpù wà lórí bọ́ọ̀dù àti nọ́ńbà tó wà lára bébà rẹ̀ mọ́ fáìlì náà.

Ìbéèrè: Ṣé programmer tó ti gbó náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé?

Ẹ kọ́kọ́ fi mítà wọn fóòtì 25 rẹ̀ láìsí ṣíìpù lórí rẹ̀, nítorí kapasítọ̀ rẹ̀, ohun tó ń tọ́jú iná nínú rẹ̀, ti dàgbà. Lẹ́yìn náà, ẹ tú u: àṣẹ tirẹ̀ náà sábà máa ń wà nínú EPROM. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dà kọ.